Ọ̀gá Àná àti Igbá Afẹ́fẹ́ Méjì

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé àná ti lọ, ẹ bi í pé ibo ló gbà lọ. Àwa ará Falemoana mọ ibi tó gbà. Ní ọdún tí ìjọba wa ní kí gbogbo orílẹ̀-èdè fo ọjọ́ Jímọ̀ kan, kí ọjọ́ tiwa lè bá ti àwọn tí à ń bá ṣòwò dọ́gba, a sùn ní Ọjọ́bọ̀, a jí ní Sátidé, a sì rò pé Jímọ̀ náà ti parẹ́. Kò parẹ́. Àwọn kan wà nínú rẹ̀ tí wọn kò bá wa fò. Wọ́n wà níbẹ̀ títí dòní, ní erékùṣù tó jọ tiwa bí ọmọ ìyá ṣe ń jọra, ilé fún ilé, ènìyàn fún ènìyàn, àmọ́ ọjọ́ wọn fi ọ̀kan rẹ̀yìn sí tiwa. Ẹni tó bá wakọ̀ gba ẹnu ọ̀nà tó wà láàárín àwọn òkúta òkun, nígbà tí omi bá ń fà, yóò dé ọ̀dọ̀ wọn kí kókò orí iná tó jinná. Ọ̀hún la ń pè é.

Níbi tí ọ̀nà bá ti ṣí, ìjọba kì í pẹ́ fi ọ̀gá dí i. Èyí tí wọ́n fi dí tiwa ni Lautafi, Alákòóso Ẹnu-Ọ̀nà Ọjọ́, Olùtọ́jú Àná, Ọ̀rẹ́ Òní, Baba Ọ̀la. Oyè àkọ́kọ́ ni ìjọba fún un. Àwọn yòókù, òun ló fi ta ara rẹ̀ lọ́rẹ. Ó so àmì ẹ̀yẹ mọ́ kóòtù rẹ̀ fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀sẹ̀, Jímọ̀ sì ní méjì nítorí ìyà tó jẹ. Bó bá ti wọ ọ́fíìsì, àwọn òṣìṣẹ́ yóò dìde, wọn yóò wo aago ọwọ́ wọn, wọn yóò mi orí, wọn yóò ní, "Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ́," ì báà jẹ́ ìrọ̀lẹ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹun ọ̀sán àfi bó bá yọjú lójú fèrèsé, tó ní òun ti gbà kí ọ̀sán pọ́n. Lọ́jọ́ kan, oorun gbé e lọ lórí àga, ọ̀sán kò pọ́n títí ilẹ̀ fi ṣú, díẹ̀ ló sì kù kí ebi pa odindi ìjọba.

Ṣé ẹ mọ̀ pé bí ènìyàn bá ṣe ọjọ́ ìbí níhìn-ín lónìí, tó bá sọdá lọ́la, ọjọ́ ìbí náà ni yóò tún bá lọ́hùn-ún? Lautafi mọ̀. Lọ́dún tí wọ́n fi í jọba lé ẹnu ọ̀nà náà, ó jẹ ẹlẹ́dẹ̀ ọjọ́ ìbí rẹ̀ tán níhìn-ín, ó ní kí Iosefo awakọ̀ gbé òun sọdá lọ́jọ́ kejì, kí Lautafi tiwa àti Lautafi tiwọn lè dì mọ́ra, kí ayé méjèèjì sì rí bí ọlá ṣe ń kí ọlá. Ó rò pé, bó bá kéré tán, mínísítà ni ẹnì kejì òun yóò jẹ́. Wọ́n mú un lọ sí pápá. Ó bá ẹnì kejì rẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì, fèrè lẹ́nu, rẹfirí eré kíríkítì tí à ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀, tó ń fi ìdí jó nítorí pé wọ́n hán bọ́ọ̀lù. Kí ó tó lajú dáadáa, àwọn ẹgbẹ́ tí rẹfirí náà rẹ́ jẹ ti da garawa omi dé Lautafi tiwa lórí, wọ́n rò pé òun ni.

Lautafi padà sínú ọkọ̀ láìjẹ ẹlẹ́dẹ̀. Kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀, ó ti ṣòfin: ohun tí ojú bá rí lọ́hùn-ún kì í ṣe ẹ̀rí níhìn-ín. Iosefo gbọ́ òfin náà dáadáa. Ó dákẹ́ títí ó fi dé ìdí ìkòkò ìyá àgbà rẹ̀, ibẹ̀ ló ti sọ gbogbo ohun tí ojú rẹ̀ rí, kí ilẹ̀ sì tó mọ́, àwọn ọmọdé ti ń fi garawa dé orí kiri gbogbo Falemoana. Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà tí ẹ̀gbẹ́ fi dùn mí. Lautafi kò rẹ́rìn-ín. Ó fi orúkọ Iosefo sínú, ó sì pinnu pé a kò gbọdọ̀ rí ayé kan tí Lautafi ti kéré.

Màmá Sinapati, ìyá àgbà Iosefo, ní ẹní kan. Ẹ má rò pé ẹní tí à ń sùn lé ni mò ń sọ. Ẹní tí ìyá ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hun lómidan, tó parí ní arúgbó ni, ó rọ̀ bí aṣọ àlàárì, ìyẹ́ pupa sì yí etí rẹ̀ ká. Irú ẹní bẹ́ẹ̀ la fi ń sin àgbà, òun la fi ń gba oyè, òun la sì fi ń bẹ ẹni tí a bá ṣẹ̀. Abẹ́ ibùsùn rẹ̀ ló tẹ́ ẹ sí, bí gbogbo ìyá wa ti ń ṣe, ó sì ń sùn lé e lórí bí adìyẹ ṣe ń sàba lé ẹyin.

Lautafi wá ránṣẹ́ pé òun fẹ́ wá darí àdúrà ìrọ̀lẹ́ nílé Màmá Sinapati. Lọ́dọ̀ wa, bí wọ́n bá ti fọn ìkarahun òkun ní ìrọ̀lẹ́, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ rìn lójú ọ̀nà mọ́. Ilé gbogbo jókòó, ojú gbogbo dì. Lautafi gbàdúrà fún òní, ó gbàdúrà fún àná, ó gbàdúrà fún ọjọ́ ọ̀sẹ̀ lórúkọ lórúkọ, ó tún padà bẹ Ọlọ́run lórí Jímọ̀. Oúnjẹ tutù. Nígbà tí wọ́n ṣe àmín tán tí wọ́n lajú, ikùn Alákòóso ti tóbi ju bó ṣe gbé e wọlé lọ. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kí i kú ikùn ọlá, wọ́n ní àdúrà ló kún un bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ má tíì sọ nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń gbowó oṣù lórí rẹ̀ wá a fúnra wọn.

Nígbà tí Màmá Sinapati fẹ́ sá ẹní náà sóòrùn, kò bá a. Wọ́n wá a títí, wọ́n rí ìyẹ́ pupa kan ṣoṣo nínú ọkọ̀ Iosefo. Lautafi kó gbogbo ìlú jọ sábẹ́ igi gbẹ̀rẹ̀fútù.

Ó ní, "Ẹ̀yin ará Falemoana, ẹ̀yin tí mo fi òní ta lọ́rẹ, ẹ̀yin tí mò ń bá tọ́jú àná kó má baà bà jẹ́, olè ti wọ inú àkókò. Olè yìí kò jí ẹní nìkan. Ó jí ọjọ́ tí wọ́n hun ún, ó jí ọjọ́ tí wọn ì bá tẹ́ ẹ, ó sì jí adùn kọfí tí mò ń mu lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n wá sọ fún mi."

Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ nujú nítorí kọfí náà. Ó wá dájọ́: ní Sátidé, wọn yóò gbé Iosefo sọdá, wọn yóò sì fi ṣéènì dí ẹnu ọ̀nà mọ́ ọn lẹ́yìn títí ayé. Ẹ rò ó wò. Iosefo kan wà lọ́hùn-ún tẹ́lẹ̀, ó ní ìyàwó, ó ní ọkọ̀, ó ní àga tirẹ̀ nílé ìjọsìn. Kí ni tiwa yóò máa ṣe níbẹ̀, bí kò ṣe kó máa ti ojú fèrèsé wo ayé ara rẹ̀?

Ruta, ẹ̀gbọ́n Iosefo, ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ọlọ́pàá ní etí òkun wa. Obìnrin tí kì í yára sọ̀rọ̀ ni, bó bá sì ń ronú, ó máa ń jẹ àgbọn gbígbẹ títí àwọn tó jókòó tì í yóò fi bẹ̀ ẹ́. Ó dìde lọ́jọ́ náà.

Ó ní, "Ọlọ́lá, àbúrò mi ní ẹ̀yin nìkan lòun gbé lọ́sẹ̀ tó kọjá."

"Nígbà tó gbé mi, ṣé níhìn-ín la wà àbí Ọ̀hún?"

"Ẹ wà lágbedeméjì, sà."

Lautafi ní, "Kò sí agbedeméjì nínú òfin mi. Jókòó, ọmọbìnrin."

Ruta jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ àgbọn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ó lọ bá ìyá àgbà rẹ̀ lẹ́yìn ilé, níbi tí arúgbó náà ti ń sunkún sínú ewé kókò tó ń já. Ó bi í léèrè ohun tó gbọ́ ní ìrọ̀lẹ́ àdúrà yẹn.

Màmá Sinapati ní, "Àdúrà yẹn rìn, ọmọ mi. Ẹnu ọ̀nà ló ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dórí àwọn opó, ó ti wà nínú yàrá mi. Ìgbà tó máa kan àwọn aláìsàn, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lohùn ẹ̀ ti ń wá. Mo ní Ẹ̀mí ló ń gbé e kiri."

"Ẹ ò wá lajú, Màmá àgbà?"

"Kí n lajú lásìkò àdúrà? Ṣé mo jọ ará Ọ̀hún lójú ẹ ni?"

Lọ́jọ́ kejì Ruta gbé ọkọ̀ àbúrò rẹ̀, ó sọdá. Ó pàdé Ruta tibẹ̀ létí òkun, níbi tó ti ń kọ́ àwọn akọrin lórin. Wọ́n kí ara wọn, wọ́n wo irun ara wọn, oníkálukú sì ṣàánú ẹnì kejì. Ruta tibẹ̀ ló júwe ibi tí Lautafi tiwọn wà fún un. Ó bá rẹfirí náà lórí àpótí nídìí pápá, inú ń bí i. Ohùn kan náà ni, àgbọ̀n gígùn kan náà ni, fèrè rọ́pò àmì ẹ̀yẹ.

Ruta béèrè pé, "Sà, ṣé ẹ gbọ́ nípa ẹní kan tó ní ìyẹ́ pupa?"

Ó ní, "Kí n gbọ́ kẹ̀? Agboòrùn ni mo dì mú fún Lautafi tiyín! Èmi, Lautafi, tí ẹsẹ̀ ò gbọdọ̀ kọjá ìlà àfi tí mo bá fọn fèrè! Ó tẹ́ ẹní sílẹ̀, ó ní ti ìyá ìyá òun ni. Ni wọ́n bá fi í jẹ Tuimatagi, oyè tí èmi ti ń wò láti ìgbà tí mo ti nírun lórí. Wọ́n tún wá sọ igbá tí yóò máa mu láàárín ìjòyè lórúkọ tuntun: Igbá Afẹ́fẹ́ Méjì. Afẹ́fẹ́ kan fún ibí, ọ̀kan fún ọ̀dọ̀ yín. Ó ṣu mí."

Ruta lọ wo ẹní náà nílé ìjòyè wọn, ó sì rí igun tí ìyá àgbà rẹ̀ fi òwú dúdú tún ṣe. Ọkàn rẹ̀ fò, àmọ́ kò lè gbé e. Ẹní tí wọ́n bá tẹ́ níwájú gbogbo ìlú kì í ṣe ohun tí ọlọ́pàá ń ká mọ́ abíyá. Kò sì lè mú rẹfirí náà wá jẹ́rìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkùnrin náà ti múra láti jẹ́rìí títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, nítorí òfin ni òfin. Ó wa ọkọ̀ padà pẹ̀lú ìbànújẹ́. Ó ń ronú nípa Lautafi tiwa, tí kò lè jẹ́ kí ọ̀sán pọ́n láìnawọ́ sí i. Nígbà tó dé àárín àwọn òkúta, ó dá àgbọn jíjẹ dúró.

Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun, ọjọ́ kan náà sì jẹ́ Sátidé. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún Lautafi pé kó pe ìjòyè jọ mu ava kí wọ́n tó lé Iosefo. Òun ló ní ìdájọ́ ńlá kò yẹ kó gbẹ lọ́fun. Lọ́dọ̀ wa, olúkúlùkù oyè ló ní orúkọ igbá tirẹ̀. Wọn yóò po gbòǹgbò ava mọ́ omi nínú ọpọ́n, ẹni tó ń ké igbá yóò ké orúkọ, ẹni tó ni ín yóò pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, agbégbá yóò sì gbé igbá àgbọn lọ fún un. Peniamina ló ń ké igbá wa. Ruta ti lọ bá a láàárọ̀.

Peniamina sọ fún un pé, "Wọ́n lè gba ahọ́n mi. N kì í ké igbá tí kò sí."

Ruta ní, "Ó wà, Bàbá. Etí mi yìí ni mo fi gbọ́ ọ. Ẹ kàn ké e. Bí kò bá sẹ́ni tó dáhùn, ẹ ní ọ̀fìnkìn ló mú yín."

Iosefo jókòó sí etí ilé, àpò aṣọ rẹ̀ lórí itan. Ìyá àgbà rẹ̀ di etí aṣọ rẹ̀ mú bí ẹni tó lè fi dá ọkọ̀ dúró. Wọ́n ké igbá Alákòóso ṣáájú ti gbogbo ènìyàn, ó pàtẹ́wọ́, ó mu. Wọ́n ké ti Maulolo, olórí àwọn ìjòyè wa, ó mu. Wọ́n ń ké e lọ bẹ́ẹ̀ títí ava fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú ọpọ́n. Peniamina wo Ruta, ó kígbe pé, "Igbá Afẹ́fẹ́ Méjì!"

Agbégbá dúró láàárín ilé pẹ̀lú igbá lọ́wọ́, kò mọ ibi tí yóò kọjú sí. Àwọn ìjòyè ń wo ara wọn. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ bá mi wo ọwọ́ Lautafi. Ó wà lórí itan rẹ̀, jẹ́jẹ́. Ó mì. Ọwọ́ kejì wá bá a, bí ẹni fẹ́ dá a dúró. Igbá rẹ̀ ni. Wọ́n ti ké e níwájú gbogbo ìjòyè Falemoana, ó sì fẹ́ kọjá lọ. Ta ló lè fara da irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Ọwọ́ méjèèjì pàdé, pá! Ó gbé àgbọ̀n sókè, ó gba igbá, ó mu ún dé ìsàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ igbá ló ti rántí ibi tó wà.

Maulolo ní, "Lautafi, igbá ta lo mu yẹn?"

"Igbá... Bàbá, igbá tí kò bá ti ní olúwa, ti ìjọba ni."

"Ta ló sọ fún ẹ pé kò ní olúwa?"

Lautafi na ọrùn. Ó ní, "Ọlá a máa mọ ọlá. Ẹ̀mí ló bá mi sọ ọ́. Àwọn orúkọ ńlá a máa wá mi wá fúnra wọn, bí àwọn ẹyẹ ojú omi ṣe ń wá erékùṣù..."

Ruta ti dìde. Ó ní, "Ọlọ́lá, igbá Tuimatagi nìyẹn, Ọ̀hún ni wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ. Ẹnìkan kì í sì í gba oyè láìtẹ́ ẹní. Ẹní wo lẹ tẹ́?"

"Ohun tí ojú rí lọ́hùn-ún kì í ṣe ẹ̀rí níhìn-ín!"

"Òótọ́ ni, sà. Àtẹ́wọ́ tí ẹ pa ńkọ́? Ibo lẹ ti pa á?"

Gbogbo ojú wo ilẹ̀ tí Lautafi jókòó lé. Ó ní ẹní ìdílé òun lòun tẹ́. Melesete, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, wà lẹ́yìn láàárín àwọn tó ń fi abẹ̀bẹ̀ lé eṣinṣin.

Ó ní, "Ẹní ìdílé wa wo? Ṣé èyí tí o gé ṣe ìnusẹ̀ sí ọ́fíìsì ẹ?"

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ilé. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀yìn Lautafi wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó mi orí, ó ní, "Ilẹ̀ mà ti ṣú o," bẹ́ẹ̀ òwúrọ̀ la wà. Ó dìde, àwọn yòókù tẹ̀lé e. Màmá Sinapati kò rẹ́rìn-ín. Ó gba àpò aṣọ Iosefo, ó tú u, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká àwọn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan padà sórí itan ara rẹ̀, omi sì ń dà lójú rẹ̀. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ ìgbéyàwó mi lọ, kí ìyàwó mi má gbọ́.

Ìjọba gba àmì ẹ̀yẹ lára Lautafi, ọ̀sán sì ń pọ́n fúnra rẹ̀ láti ìgbà náà. Nígbà tí àwọn ará Ọ̀hún gbọ́ irú ẹní tí wọ́n tẹ́ fún wọn, ojú tì wọ́n, wọ́n gba oyè wọn padà, wọ́n sì kó ara wọn wá dá ẹní náà padà. Rẹfirí bá wọn wá. Ó ní òun kàn fẹ́ wòran ni.

Òwúrọ̀ Mọ́ńdè, Lautafi ṣe ohun tí ẹni tó bá ṣẹ̀ ń ṣe lọ́dọ̀ wa. Ó wá jókòó sílẹ̀ níwájú ilé Màmá Sinapati, ó fi ẹní bo orí. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ nìkan ló lè ká ẹní bẹ́ẹ̀ kúrò. Bí kò bá ká a, oòrùn ni yóò máa bá a sọ̀rọ̀. Ẹní gidi ló yẹ kó fi bora, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí yá a ni ìnusẹ̀ ọ́fíìsì yẹn. Ó bo orí, kò bo ikùn. A dúró de ọ̀rọ̀ gígùn. Ọ̀rọ̀ kò wá. Oòrùn gòkè.

Màmá Sinapati sọ fún Iosefo pé, "Ẹní ni tèmi, mo ti rí i gbà. Ìwọ ló fẹ́ lé nílé. Ohun tó bá wù ẹ́ ni kó o ṣe."

Iosefo dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ́. Ó wo ojú omi, síbi tí ọkọ̀ rẹ̀ wà. Lẹ́yìn náà ó sọ̀ kalẹ̀, ó ká ìnusẹ̀ náà kúrò. Ojú Lautafi pọ́n, ekuru ẹsẹ̀ gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba sì wà nínú irun rẹ̀.

Ó ní, "Iosefo, mo ṣẹ̀ ọ́." Kò fi nǹkan kan kún un.

Iosefo fà á dìde, ó mú un wọlé, a sì po ava, bó ṣe yẹ kí ìjà parí. Wọ́n ké igbá Màmá Sinapati ṣáájú, ohun tí a kì í ṣe, kò sì sẹ́ni tó bínú. Nígbà tó kan ti àlejò, Peniamina kígbe pé, "Igbá Lautafi!"

Lautafi wo ọwọ́ ara rẹ̀, kò gbé e. Kò fọkàn tán an mọ́. Peniamina tún un ké. Nígbà náà la gbọ́ àtẹ́wọ́ láti etí ilé, pá! Rẹfirí ni, fèrè lọ́rùn, ó ti gbé àgbọ̀n sókè, ojú rẹ̀ dì díẹ̀, bí ẹni tí ayé ti ń pẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Agbégbá gbé igbá lọ bá a. Lautafi tiwa jókòó, ó ń wò ó bó ṣe ń mu ún dé ìsàlẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyẹn tí ó rí bí òun ṣe máa ń rí.